Sí Mútíátù, Nípa Máàkì Rẹ àti Obìnrin Tó Gbé Ojú Mi Wọ̀

Mútíátù, Àṣàbí ọmọ mi,

Mo kí ọ ní Ìlọrin níbẹ̀, níbi tí o ti ń ṣe àgùnbánirọ̀. Ara mi le, ikọ́ tó ń bá mi jà ti lọ. Mo mọ̀ pé á yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà lo gbà lọ́wọ́ mi, tí kì í ṣe ìpè fóònù. Bí mo bá pè ọ́, wàá máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu bí o ti máa ń ṣe láti kékeré. Ìwé kò ṣe é já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́nu. Jọ̀wọ́, jókòó síbì kan kí o kà á tán kí o tó fèsì.

Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ ní Túsìdeè tó kọjá.

Ní àárọ̀, mo sọ̀kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ Ìyá Ṣadé nísàlẹ̀ ilé wa ní Jakande níbí. Bó ṣe rí mi ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá Mútíátù, ẹ kú oríire o! Mo rí lọ́yà wa lánàá."

Mo ní, "Lọ́yà wo?"

"Mútíátù ni o. Mo bá àbúrò mi lọ sí kóòtù, mo rí i tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tòun ti gáùn dúdú àti wíìgì. Ó yẹ ẹ́ gan-an! Àmọ́ mo pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí, kò dá mi lóhùn. Ẹ bá mi bá a wí."

Mo sọ fún un pé o ò sí l'Ékòó, pé láti Iléyá ni o ò ti wálé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá ló máa ń kẹ́yìn mọ̀gbà tọ́mọ wọ̀lú. Mo gòkè padà. Ìgbà tí mo dénú ilé ni mo tó rí i pé mi ò gba búrẹ́dì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí o rán sí mi wọlé sórí fóònù mi. O ní ilé iṣẹ́ lọ́yà ńlá kan ní Íláńdì l'Ékòó ti pè ọ́ fún íńtáfíù, pé kí n bá ọ tẹ ìwé ìwáṣẹ́ rẹ jáde ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi lórí pépà tó nípọn, kí n sì gbé e lọ fún wọn kí ọjọ́ tó pé. Inú mi dùn. Mo ṣí ìwé náà. Àṣàbí, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi ìwé títẹ̀ jẹun, ojú mi kì í fo ìlà. Mo rí ibi tí o kọ ọ́ sí pé ipò kejì, apá òkè, lo fi jáde ní yunifásítì.

Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gba ìwé ẹ̀rí. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n pè. Ipò kẹta ni.

Mo gbé fóònù kalẹ̀. Kì í ṣe tìtorí irọ́ nìkan. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé ọjọ́ kan náà ni irọ́ rẹ dé tí wọ́n kí mi pé àwọn rí ọ níbi tí o ò sí. Mo ti rí irú èyí rí. Èmi ló ṣẹlẹ̀ sí, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ọmọ kankan nínú yín. Bàbá yín pàápàá kò gbọ́ ọ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a.

Mo sọ fún yín pé mi ò lọ sí yunifásítì nítorí pé owó kò sí lọ́wọ́ bàbá mi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìṣẹ́yìn, ó sì ti múra tán láti ta gbogbo ohun tó ní. Èmi ni mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Iṣẹ́ mẹ́rin ni mo kùnà, èdè Òyìnbó wà nínú rẹ̀. Bàbá mi sì ti ń pè mí ní lọ́yà láti ọjọ́ tí lọ́yà kan ti bá a gba ilẹ̀ baba rẹ̀ padà ní kóòtù. Gbogbo àdúgbò ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ń kọjá lọ ra epo, wọ́n á ní, "Lọ́yà, ẹ kú ìrìn o." Mo wo èsì ìdánwò yẹn, mo ká a mọ́ ìdí ìró mi, mo sì sọ fún bàbá mi pé mo yege.

Wọ́n rán mi wá s'Ékòó sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin, Ìyá Bàṣírù, tó ń ta abọ́ ní Òṣòdì. Nígbà tó yá, mo sọ fún òun náà pé yunifásítì ti gbà mí, pé ìmọ̀ òfin ni mo fẹ́ kà. Àǹtí mi jó. Ó rán ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì àti síkẹ́ẹ̀tì dúdú fún mi. Láràárọ̀ ni mo ń wọ̀ ọ́ jáde, tí mo ń gbé ìwé òfin ńlá kan tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ògbólógbòó ìwé mọ́yà. Àmọ́ Ìsọlọ̀ ni mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ, sí Jakande níbí, níbi tí ọkùnrin kan ti ń kọ́ wa ní taìpù nísàlẹ̀ ilé kan. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń padà sílé bí ẹni tó ti yunifásítì dé.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fóṣù mẹ́ta, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Bọ́ládé, l'Óṣòdì, láàárín èrò, obìnrin àgbàlagbà kan tó fi ìborùn búlúù borí di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ ṣé o, lọ́yà mi. Wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ó ti wà nílé." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n rí láyé mi. Mo fẹ́ sọ pé ẹ ṣì mí mú ni, Mámà. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń wò wá, ojú tí wọ́n fi ń wò mí sì dùn mọ́ mi. Mo ní, "Kò tọ́pẹ́, Mámà." Ó fi ọsàn bíbó kan sí mi lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo jẹ ọsàn náà bí mo ti ń lọ. Kò dùn, kò sì kan. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ omi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn tí àǹtí mi ti ọjà dé, tó jókòó sójú ìlẹ̀kùn láìbọ́ bàtà. Ó ní, "Rálíátù, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Mo ní, "Àǹtí, kí ló dé?"

"Mo rí ọ lónìí níbi tí ẹ ti ń sọdá ojú irin. Ìwọ pẹ̀lú gáùn dúdú lọ́rùn. Mo pariwo orúkọ rẹ lójú gbogbo ọjà. O yíjú padà, o wò mí bí ẹni wo ògiri, o bá ń lọ. Ṣé torí mò ń ta abọ́ ni?"

Ìwọ tó kàwé mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í wọ gáùn lọ sí kóòtù. Àwa nígbà náà ò mọ̀. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé ní wákàtí tó dárúkọ yẹn, ìdí ẹ̀rọ taìpù ni mo wà ní Jakande, tí mò ń tẹ lẹ́tà kan náà láti òkè pépà dé ìsàlẹ̀. Síbẹ̀, ṣé o mọ ohun tí mo wí? Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹjọ́ ni mò ń rò lọ́kàn, mi ò gbọ́ yín."

Àṣàbí, wo ibẹ̀ yẹn dáadáa. Mo lè sọ pé èmi kọ́. Ṣùgbọ́n mo gbà pé èmi ni. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré. Káfíńtà kan ládùúgbò ní òun rí mi lójú àtẹ̀gùn kóòtù. Ìyá oníyẹ̀fun ní mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, pé atẹ́gùn tó bá mi kọjá tutù. Gbogbo wọn ló sọ pé mi ò sọ̀rọ̀, pé mo kàn wo àwọn ni.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Kẹ́hìndé wá. Obìnrin tó ń fọṣọ fún èèyàn ní ojúlé kejì sí wa ni. Ọmọ rẹ̀ Kẹ́hìndé ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, àwọn ọlọ́pàá kó òun àtàwọn míì lójú títì, wọ́n sì ti tì í mọ́lé fóṣù kan. Obìnrin yìí wọlé wá lọ́sàn-án Sátidé, ó kúnlẹ̀ fún mi. Ìyá tó lè bí mi!

Ó ní, "Lọ́yà, mo wá rán yín létí ni. Mọ́ńdè tẹ́ ẹ kọ fún mi ti dé tán."

Mo ní, "Mọ́ńdè wo, Mà?"

"Èyí tí mo bá yín sọ ní Bọ́ládé lánàá. Ẹ kàn fi orí dá mi lóhùn pé ẹ máa dúró fún Kẹ́hìndé. Ẹ tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi."

Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú pépà kékeré kan jáde. Ó wà níbẹ̀: *Kẹ́hìndé. Mọ́ńdè. Aago mẹ́sàn-án.* Ìwé ọwọ́ mi ni. O mọ bí mo ṣe máa ń yí ìrù K sísàlẹ̀ bí ìwọ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Tádàá rẹ̀ kò sì tíì gbẹ dáadáa, ó lẹ̀ mọ́ mi níka.

Àǹtí mi dúró lẹ́yìn mi, ó ń rẹ́rìn-ín ìgbéraga. Ó ní, "Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ọmọ wa bá ti sọ̀rọ̀, ó parí."

Mo la ẹnu láti sọ òótọ́. Ohun tó jáde ni, "Mo máa wá."

Mo lọ, Mútíátù. Mi ò mọ ohun tí mo rò pé màá ṣe. Bóyá mo rò pé ẹni yẹn á wá, ẹni tó kọ pépà, tí á dìde sọ̀rọ̀, tí èmi á sì gba ọpẹ́ bí mo ti ń gbà á. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn. Kóòtù kún dẹ́nu, àwọn èèyàn fara ti ògiri, àwọn míì dúró lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n àyè ẹnì kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Àwọn tó ń wọlé á wò ó, wọ́n á sún sẹ́yìn, bí ìgbà tí ẹnì kan ti wà níbẹ̀.

Wọ́n pe Kẹ́hìndé. Ó ti gbẹ bí igi. Májísíréètì ní, "Ta ló dúró fún un?" Ìyá rẹ̀ yíjú, ó nawọ́ sí mi. Gbogbo kóòtù yíjú.

Májísíréètì wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi. Ó ní, "Madam, ṣé ẹ̀yin lẹ dúró fún olùjẹ́jọ́ yìí?"

Mi ò lè dìde. Mo mi orí pé èmi kọ́. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó sún ẹjọ́ síwájú di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì dá Kẹ́hìndé padà. Bí wọ́n ṣe ń mú un lọ, ó wẹ̀yìn. Kì í ṣe èmi ló wò. Àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló tẹjú mọ́.

Ìyá rẹ̀ kò bú mi. Ó wò mí ṣáá, bí ẹni tí kò mọ ojú tí òun ń wò mọ́.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàbá mi wá s'Ékòó láìròtẹ́lẹ̀. Mo ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án gangan, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú ilé. Mo sáré jáde, mo kúnlẹ̀. Bàbá mi wò mí láti òkè délẹ̀, ó wo ọwọ́ mi tó kún fún ọṣẹ.

Ó ní, "Ọ̀nà wo lo gbà tí o fi ṣáájú mi délé?"

Mo ní, "Bàbá, mi ò jáde láti àárọ̀."

"Èwo ni o ò jáde? Ṣebí ìwọ lo pàdé mi níbi tí mọ́tò gbé já wa sílẹ̀ ní Òṣòdì. Ìwọ lo gba báàgì lọ́wọ́ mi. Tòun ti gáùn rẹ. Mo ń bá ọ sọ̀rọ̀, o ò fèsì kan. Nígbà tá a dé ìta yìí, o gbé báàgì kalẹ̀ síbi ẹsẹ̀ mi, o sì yà sí ọ̀nà yẹn. Ọwọ́ rẹ tutù nígbà tó kan tèmi. Mo rò pé àìsàn ń ṣe ọ́ ni."

Mo wo ibi tó nawọ́ sí. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀. Ògiri ni.

Ibẹ̀ ni mo wólẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, lójú bàbá mi, lójú àǹtí mi, lójú àwọn ará ilé. Pé mo kùnà. Pé kò sí yunifásítì. Pé taìpù ni mò ń kọ́. Pé mi ò mọ ẹni tó ń gbé ojú mi kiri, pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mo sunkún títí mo fi ń súkẹ̀. Àǹtí mi ká ọwọ́ lérí. Bàbá mi bọ́ fìlà, ó jókòó sórí báàgì rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó ní, "Èyí tó gba báàgì lọ́wọ́ mi kò sọ̀rọ̀, kò sì sunkún. Èyí tó ń sunkún yìí ni mo bí. Dìde, ká lọ bá ìyá ọmọ yẹn."

Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sílé Ìyá Kẹ́hìndé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Mo tún un sọ fún òun náà. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó bi mí ní ohun kan ṣoṣo: "Ta wá ni mo bá sọ̀rọ̀ ní Bọ́ládé?" Mi ò mọ̀. Títí dòní mi ò mọ̀. Àwọn kan ní irọ́ téèyàn bá bọ́ yó a máa hu ẹsẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Àwa mẹ́ta la jọ wá lọ́yà gidi lọ. Wọ́n júwe obìnrin kan fún wa ní Ìsọlọ̀, Lọ́yà Abọ́sẹ̀dé, yàrá kan lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń ta oògùn ni ọ́fíìsì rẹ̀. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbọ́ ìyá náà. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ ńkọ́, kí lo mọ̀ ọ́n ṣe ní tòótọ́?"

Mo ní, "Taìpù, Mà."

"Jókòó. Tẹ ìwé béèlì yìí fún mi."

Kò dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, Kẹ́hìndé ti gba béèlì. Èmi sì wà nídìí ẹ̀rọ taìpù ọ́fíìsì yẹn fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Kò sẹ́ni tó tún kí mi fún ohun tí mi ò ṣe mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti sunkún níwájú bàbá mi. Àfi Túsìdeè yìí, tí wọ́n kí mi fún tìrẹ.

Ní báyìí, ìbéèrè rẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ gba ìwé ẹ̀rí, o bi mí nínú mọ́tò pé, "Màámi, ṣé ó ti tán nìyẹn?" Mo dá ọ lóhùn pé Ọlọ́run á ṣe é. Àdúrà ni ìyẹn, kì í ṣe ìdáhùn. Mo ní ìdáhùn, torí ìwé ẹ̀rí Lọ́yà Abọ́sẹ̀dé wà lára ògiri lókè orí mi fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ipò kẹta ló sì wà lára rẹ̀. Kò fi nǹkan bò ó. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó dí i lọ́nà. Ó ní, "Rálíátù, ó dí mi lọ́nà. Mi ò ní tàn ẹ́."

Ohun àkọ́kọ́ nìyẹn. Máàkì rẹ á ti àwọn ilẹ̀kùn kan. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Íláńdì á wo ìwé rẹ, ọ̀pọ̀ wọn á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó kà á dé ìsàlẹ̀. Bí o bá fẹ́ kọ́ni ní yunifásítì, á pẹ́ kí wọ́n tó gbà ọ́, wọ́n sì lè má gbà ọ́. Àwọn ojúgbà rẹ kan á ṣáájú rẹ. Á dùn ọ́. Lọ́yà Abọ́sẹ̀dé kò di adájọ́, bẹ́ẹ̀ ó wù ú. Mo rí i lọ́jọ́ tí wọ́n fi orúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń to fáìlì tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Wọ́n ti ọ̀nà kan mọ́ ọn, ó gba òmíràn, ó sì dé inú ọjà. Kí ló ṣe? Ó máa ń dé kóòtù kí akọ̀wé kóòtù tó ṣí ìlẹ̀kùn. Ó máa ń ka fáìlì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan fún ara rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan fún alátakò, ẹ̀ẹ̀kan fún adájọ́. Mo ti rí àwọn tó fi ipò kìíní jáde tí wọ́n dé kóòtù láìmọ orúkọ ẹni tí wọ́n dúró fún. Mo tún ti rí àwọn onípò kìíní tí mo bọ̀wọ̀ fún dọ̀la, o ò gbọdọ̀ máa bú wọn láti fi tu ara rẹ nínú. Ìwé sọ ohun tí o ṣe nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ní ọjọ́ mélòó kan. Kò lè sọ ohun tí wàá ṣe ní Mọ́ńdè, láago mẹ́sàn-án.

Èkejì, wádìí ohun tó fà á. Bọ́mọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ìwọ kì í ṣe ọmọdé mọ́. Mo mọ̀ pé àìsàn bàbá rẹ bá ọ nínú ọdún kẹta, pé ìwọ lò ń sùn tì í ní ọsibítù. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló fa ti ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún, ìwọ náà mọ̀. O kì í béèrè ohun tí kò yé ọ. Ojú a máa tì ọ́. Ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún ìyẹn, dárí jì mí. Ṣùgbọ́n lọ́yà tí kò lè sọ pé "kò yé mi" á fi ẹlòmíì sẹ́wọ̀n.

Ìyẹn ló mú mi sọ pé ilé iṣẹ́ kékeré ni kí o kọ́kọ́ wá, lọ́dọ̀ ẹni tó máa jẹ́ kí o béèrè, tí á sì máa rán ọ lọ sí kóòtù lójoojúmọ́. Kí o mú ẹ̀ka òfin kan, kí o mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n á máa wá ọ bọ̀. Ti Lọ́yà Abọ́sẹ̀dé ni béèlì. Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí kò gbà á ló ń rán èèyàn sí i láti Íláńdì wá sẹ́yìn ilé olóògùn.

Èyí tó kù ló mú mi kọ lẹ́tà. Mi ò tẹ ìwé tí o fi ránṣẹ́. Mo tún un tẹ̀ pẹ̀lú ipò kẹta níbi tó yẹ kó wà, mo sì fi í sínú àpòòwé yìí. Mi ò gbé e lọ fún wọn. Ìwọ lo ni í. Bí o bá fẹ́, fúnra rẹ pè wọ́n, kí o sọ ohun tí ìwé rẹ jẹ́ gan-an. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí o má wulẹ̀ wá mọ́. Jẹ́ kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ á bá a, ọjọ́ tó bá sì bá a, gáùn yẹn ni wọ́n á bọ́ kúrò lọ́rùn rẹ. Ìyẹn ni ilẹ̀kùn tí kì í ṣí mọ́. Ti ipò kẹta kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì kí ọ fún ohun tí o ò ṣe, ní Ìlọrin tàbí ibòmíràn, sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé ìwọ kọ́. Má gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Má jẹ ẹ́.

Ohun kan ló kù tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí Kẹ́hìndé jáde, èmi ni mo gbé ìwé lọ fún un láti fọwọ́ sí. Oòrùn mú gan-an. Ó wò mí pẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa ń wá ní gbogbo Fúráìdeè. Ẹ máa ń dúró lódìkejì irin. Ẹ ò sọ̀rọ̀ rí. Ẹ kàn ń kọ orúkọ mi, ẹ ń kọ ọ́, ẹ ń kọ ọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn tá a jọ wà nínú ibẹ̀ pé lọ́yà mi nìyẹn. Àwọn ní àwọn ò rí ẹnì kankan." Ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Kí ló dé tẹ́ ò fi dìde lọ́jọ́ yẹn?"

Mi ò ní ìdáhùn fún un, Àṣàbí. Mo ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, mi ò tíì ní in.

Ẹnì kan wà tó ń dúró dè ọ́ níbì kan báyìí, tí ìwọ àti òun ò tíì mọra. Kò ní bi ọ́ pé ipò kẹta ni àbí ìkejì. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n á pè, adájọ́ á béèrè ẹni tó dúró fún un, ojú á sì wá sọ́dọ̀ rẹ.

Dìde, ọmọ mi. Kí ó jẹ́ ìwọ fúnra rẹ ló dìde.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ ó kọ iṣẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rálíátù,
ní Jakande, Ìsọlọ̀.